Orúkọ Alájì Lórí Ìwé Ọmọ Ọlọ́mọ

Bí ẹ bá gba ẹ̀yìn Ìta Fájì kọjá, tí ẹ ya sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta bọ́tìnnì àti síípù, ẹ ó rí ilé alájà méjì kan tí wọ́n kùn ní ọ̀dà àwọ̀ ewé. Ibẹ̀ ni ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń kọ orúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀ fún káńsù kan wà. Ibẹ̀ náà ni ọkùnrin kan ti jọba fún odidi ọdún mẹ́rin láìjẹ́ pé ìlú fi í jọba.

Gàníyù Àlàó ni orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pè é bẹ́ẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ó dájú pé òfo ni yóò gbé lọ sílé lọ́jọ́ náà. Alájì Ọ̀túnba Dókítà Gàníyù Àlàó ni kí ẹ pè é, kí ẹ sì pè é tán kí ẹ tó sọ ohun tí ẹ bá wá. Ó jẹ́ Alájì nítorí ó ti lọ sí Mẹ́kà, a kò bá a jiyàn. Ó jẹ́ Ọ̀túnba nítorí abúlé kan lọ́nà Ìjẹ̀bú fi í joyè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí ẹ bá ní kó júwe ọ̀nà ibẹ̀, yóò ní kí ẹ lọ bi dírẹ́bà òun. Ti Dókítà ló ṣòro díẹ̀. Yunifásítì kan tó wà nínú yàrá méjì lókè ṣọ́ọ̀bù oníbàtà ló fi oyè náà dá a lọ́lá lọ́jọ́ Sátidé kan. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá wúkọ́ nítòsí rẹ̀, yóò mi orí bí ẹni tó ti mọ ohun tó fà á.

Pátákó orúkọ rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀ tí káfíńtà fi ní láti ṣẹ́ ẹ sí méjì. "Alájì Ọ̀túnba Dókítà" wà lára ilẹ̀kùn, "Gàníyù Àlàó" wà lára ògiri. Bí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn, ìdajì orúkọ a wọlé, ìdajì a dúró síta.

Òṣìṣẹ́ méje ló wà lábẹ́ rẹ̀. Bó bá fẹsẹ̀ kan àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ láàárọ̀, Dáfídì tó jẹ́ igbákejì rẹ̀ a lu agogo, gbogbo wọn a sì dìde. Dáfídì a ní, "Ta ló dé?" Àwọn yòókù a ní, "Ẹni tí ọ́fíìsì ń retí." Bí ìdáhùn náà kò bá dún tó, Alájì a padà sísàlẹ̀, a tún gùn ún wá. Lọ́jọ́ kan tí ọ̀fìnkìn mú àwọn òṣìṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló gùn ún. Òógùn bò ó, àwọn ọlọ́mọ sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń wò ó bó ṣe ń lọ, tó ń bọ̀.

Nínú gbogbo wọn, ẹnì kan ṣoṣo ló mọ iṣẹ́. Khairiyyah ni orúkọ rẹ̀. Ọdún mẹ́jọ ló ti fi ń kọ orúkọ ọmọ sínú ìwé ńlá ibẹ̀, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ sì mọ́ bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Nígbà tó yá, Ọlọ́run dá a lóhùn, òun náà bí tirẹ̀, akọ ọmọ, wọ́n sì sọ ọ́ ní Rídíwánù. Ó gba ìsinmi ìbímọ oṣù mẹ́fà, bí òfin ṣe wí.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé tó yẹ kó padà sẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ló jáde nílé tó tún padà wọlé. Ó wo ọmọ, ó tún wo ọmọ. Ìyá ọkọ rẹ̀, tó máa bá a tọ́jú rẹ̀, ló wá tì í síta. "Máa lọ, jàre. Ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ọmọ kì í gbàgbé ọmú."

Nígbà tó dé ọ́fíìsì, tó ní kí òun fọwọ́ síwèé àwọn tó wá síbi iṣẹ́, ó rí i pé wọ́n ti fi bírò pupa fa igi sórí orúkọ òun.

"Ọ̀gá ní kí ẹ kọ́kọ́ wá rí àwọn," Dáfídì wí. Kò wo ojú rẹ̀.

Alájì ti kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ. Orí pèpéle onípákó ni àga rẹ̀ wà, kó lè máa wo gbogbo ayé nílẹ̀. Ènìyàn méje ló wà níwájú rẹ̀, àmọ́ ohùn tí ó fi sọ̀rọ̀ tó ohùn tí wọ́n fi ń bá pápá ìṣeré sọ̀rọ̀.

"Khairiyyah, ọmọ mi. Ìjọba kì í sùn. Òkun kì í sùn. Èmi Alájì Ọ̀túnba Dókítà Gàníyù Àlàó kì í sùn." (Ó máa ń sùn láti aago kan sí aago mẹ́ta lójoojúmọ́, a sì máa hanrun, àmọ́ ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ tán.) "Ìwọ wá sùn fún oṣù mẹ́fà gbáko."

"Mo lọ bímọ ni, sà."

"Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń sin ìjọba. Ẹ yẹ fáìlì mi wò láti iwájú dé ẹ̀yìn. N kò gba ìsinmi ìbímọ rí, bó ṣe ọjọ́ kan."

"Ẹ ò gbà á rí lóòótọ́, sà," Dáfídì wí. "Mo lè búra." Ó pàtẹ́wọ́, àwọn yòókù sì bá a pa á.

Alájì gbé ọwọ́ sókè kí wọ́n dákẹ́. "Òfin ni mò ń tẹ̀ lé. Níbo ni ìwé tó fi hàn pé o bímọ wà?"

"Ọ̀dọ̀ yín níbí ló wà, sà. Bàbá ọmọ ti wá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Wọ́n ní ẹ ní kí ẹnikẹ́ni má tí ì gba ìwé."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ọjọ́bọ̀ yìí ni a ó pín gbogbo rẹ̀ níṣojú Alága káńsù."

"Ṣé mo lè gba tèmi lónìí, sà, kí n lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́?"

"Ìwé kì í ṣáájú ayẹyẹ."

"Ó dáa, sà. Ẹ jẹ́ kí n lọ gbé ọmọ wá kí ẹ fojú rí i."

Alájì rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ọmọdé fẹ́ tàn. "Ọmọ kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹnikẹ́ni lè yá ọmọ. Ìwé ni ẹ̀rí. Títí ìwé yóò fi dé, orí bẹ́ǹṣì ìta ni wàá máa jókòó láti aago mẹ́jọ sí aago mẹ́rin, kí ìjọba lè mọ̀ pé o wá."

"Aago méjì ni wọ́n ní kí ìyá ọlọ́mọ máa lọ sílé, sà. Ọmọ mi kò tíì máa jẹun dáadáa."

"Ìyá ọlọ́mọ ni wọ́n ní. Ìwọ kò tíì di ìyá ọlọ́mọ lójú ìwé."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ lè rò pé mo ń bù mọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ká sọ tòótọ́, mo ti dín in kù.

Khairiyyah lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ìtìjú mú un. Àwọn obìnrin tó wá forúkọ ọmọ sílẹ̀ ń kí i pé kú ewu ọmọ, wọ́n ń béèrè ẹni tó ń dúró dè. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ọyàn rẹ̀ ti kún. Ìyá tó bá ti fi ọmọ ọwọ́ sílẹ̀ lọ sọ́jà rí mọ ohun tí mò ń wí. Ó le gbagidi, ó ń ro ó dé abíyá, bùláòsì rẹ̀ sì ti ń tutù níwájú. Ó fa ìborùn bò ó, ó wolẹ̀.

Kẹ́mi tó ń gbálẹ̀ ibẹ̀ rí i. "Ìyá Rídíwánù, ẹ dìde. Ẹ ò ní jókòó síbí kí ọyàn pa yín." Ó mú un lọ sínú yàrá tí wọ́n ń kó bébà sí, ó fún un ní àpótí kan jókòó, ó sì dúró ti ilẹ̀kùn.

Ibẹ̀ ni Khairiyyah ti ń fún ọmú sínú ìgò tí ojú rẹ̀ fi bọ́ sórí páálí kan tó ṣí sílẹ̀. Ìwé tuntun ló kún inú rẹ̀, ọ̀rọ̀ aláwọ̀ wúrà ń tàn lórí wọn. Ó mú ọ̀kan, ó kà á. Ó tún mú òmíràn. Lẹ́yìn náà ló gbé ìgò sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìwé ṣe rí tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ Yorùbá wà lábẹ́ rẹ̀. Ti Yorùbá sọ báyìí pé, "Èyí jẹ́rìí pé", wọ́n á kọ orúkọ ọmọ, "ni", wọ́n á kọ orúkọ ìyá, "bí fún", wọ́n á kọ orúkọ bàbá. Nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n á kọ "Akọ̀wé tó kọ ọ́ sílẹ̀", orúkọ ọ̀gá ọ́fíìsì á sì wà níbẹ̀ ní kékeré.

Kò pẹ́ lẹ́yìn tí Khairiyyah lọ bímọ ni Alájì ń wo ìwé yìí, inú sì bí i. Kí ló dé tí orúkọ òun fi wà nísàlẹ̀, níbi tí epo àkàrà ń kán sí? Ó ní kí wọ́n yọ Gẹ̀ẹ́sì kúrò, ó ń gba àyè. Ó pe ẹni tó ń bá wọn tẹ̀wé. Ó ní, "Gbé orúkọ mi sókè, síbi tó fẹ̀ jù lọ. Kí o fi wúrà tẹ̀ ẹ́." Atẹ̀wé ní, "Sà, ẹni tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ńkọ́?" Alájì ní, "Gbé e wá síbi tí mo wà." Atẹ̀wé ní ọmọ tó ń bọ́ nílé, kò fẹ́ ìjà. Ó ṣe é bí wọ́n ṣe wí.

Ìwé tó wá wà lọ́wọ́ Khairiyyah kà báyìí: "Èyí jẹ́rìí pé Ìbúráhíìmù ni Basheerah bí fún Alájì Ọ̀túnba Dókítà Gàníyù Àlàó." Bàbá Ìbúráhíìmù gan-an wà nísàlẹ̀, wọ́n ti sọ ọ́ di akọ̀wé. Igba ọmọ ó lé mẹ́rìnlá ni wọ́n ti kọ bẹ́ẹ̀. Ó tú páálí títí ó fi kan tirẹ̀: "Èyí jẹ́rìí pé Rídíwánù ni Khairiyyah bí fún Alájì Ọ̀túnba Dókítà Gàníyù Àlàó."

Ẹ̀rín kọ́kọ́ pa á. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ó mọ ohun tí ìwé ń ṣe. Ó mọ̀ pé lọ́jọ́ kan, wọn yóò béèrè rẹ̀ ní ilé-ìwé, wọn yóò béèrè rẹ̀ níbi ogún, ọmọ yóò sì di ọmọ ẹlòmíràn níṣojú bàbá rẹ̀.

"Kẹ́mi, ṣé o ti rí èyí?"

"Gbogbo wa la ti rí i, mà."

"Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn?"

"Tóbi sọ. Wọ́n ti gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń ka ihò gọ́tà."

"Alájì fúnra wọn ńkọ́? Wọn kò ka ohun tí wọ́n fọwọ́ sí?"

"Ojú wọn kò ríran nítòsí mọ́, wọn kò sì jẹ́ lo awò. Wọ́n ní awò ń sọ ẹni ńlá di tíṣà. Wúrà yẹn nìkan ni wọ́n ń rí."

Lọ́jọ́ kejì, Khairiyyah kan ilẹ̀kùn Alájì. "Ẹ káàárọ̀, sà. Ọ̀rọ̀ kan wà nípa ìwé tí a fẹ́ pín."

Alájì kọjú sí Dáfídì. "Mò ń gbọ́ ohùn, ṣùgbọ́n n kò rí òṣìṣẹ́ kankan."

"Èmi náà kò rí i, sà," Dáfídì wí, Khairiyyah sì ń wò ó.

"Sọ fún ohùn náà pé ẹni tí kò tíì wọṣẹ́ kò lè kìlọ̀ fún ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́."

Khairiyyah padà sórí bẹ́ǹṣì, ó kọ lẹ́tà. Ó kọ gbogbo rẹ̀ yékéyéké: ohun tó ṣẹlẹ̀, iye ọmọ, bí wọ́n ṣe lè tún un tẹ̀ kó tó di Ọjọ́bọ̀. Ó fi rán Dáfídì. Alájì wà níbi tí télọ̀ ti ń wọn orí rẹ̀ fún fìlà ayẹyẹ, ó ní kí Dáfídì ka lẹ́tà náà sókè.

Nígbà tí Dáfídì jáde, ńṣe ló ń nu òógùn. "Ọ̀gá ní ẹ̀yin ni kí ẹ ka ìwé náà jáde lọ́jọ́ ayẹyẹ, níwájú gbogbo ènìyàn. Wọ́n ní ohùn yín dára. Kí ẹ ka gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀, kí ẹ má fi ẹyọ kan sílẹ̀, pàápàá orúkọ wọn."

"Dáfídì, kí lẹ kà fún wọn nínú lẹ́tà mi?"

"Mo ní ẹ sọ pé ìwé náà lẹ́wà, pé orúkọ wọn ń tàn."

"Kí ló dé tí ẹ fi kà á bẹ́ẹ̀?"

Dáfídì wo ilẹ̀kùn tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọmọ mẹ́rin ni mo bí. Ilé-ìwé ni gbogbo wọn wà."

Ní ìrọ̀lẹ́, Khairiyyah gbé Rídíwánù sọ́mú, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Rájí ọkọ rẹ̀. Fíríìjì ni Rájí ń tún ṣe nítòsí Ọjà Balógun, ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í yára sọ̀rọ̀. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Kí ni wọ́n wá kọ èmi sí?"

"Akọ̀wé."

"Ó dáa. Ó pẹ́ tí bàbá mi ti ń fẹ́ kí n níṣẹ́ ìjọba."

Ìyá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó ti dìde dúró. "Ọmọ ọmọ tèmi? Ta ni Àlàó náà? Ta ló bí i?"

"Ẹ jókòó, Ìyá," Khairiyyah wí. "Bí mo bá kọ̀ láti kà á, ẹlòmíràn yóò kà á, wọn yóò sì lé mi. Bí mo bá ń fẹnu tún un ṣe, tí mò ń pe orúkọ bàbá síbi tó yẹ, ojú kò ní ti ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ìwé náà yóò bá wọn lọ sílé bó ṣe wà. Wọn yóò fi sínú àpótí. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ lò ó ni wọ́n máa tó mọ̀."

"Nígbà náà, kà á bó ṣe wà," Rájí wí.

"Ti ta ni mo fẹ́ kọ́kọ́ kà? Ẹni tí mo bá kọ́kọ́ ka tirẹ̀, gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó ni yóò máa wo ìyàwó rẹ̀ bí alágbèrè. Kí àwọn ènìyàn tó mọ̀ pé àṣìṣe ni, nǹkan á ti bàjẹ́."

Rájí na ìka sí ọmọ rẹ̀, ọmọ sì dì í mú.

"Ka tiwa," ó wí.

Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n ta ìbòòji síwájú ọ́fíìsì, wọ́n to àga oníke sábẹ́ rẹ̀. Aago mẹ́wàá ni wọ́n pè, aago mẹ́wàá náà ni Alága káńsù dé, obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Alájì wà lókè, ó ń yọjú láti fèrèsé, ó ń dúró kí èrò pọ̀ tó iyì rẹ̀. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kan àti ààbọ̀, fìlà rẹ̀ ga débi pé ó ní láti bẹ̀rẹ̀ kó tó lè wọ abẹ́ ìbòòji. Àdìjátù ìyàwó rẹ̀, tó ń ta léèsì ní Balógun, ti jókòó síwájú. Ó ti ti ṣọ́ọ̀bù nítorí ọjọ́ náà.

Alájì gba gbohùngbohùn. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó dá òun. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lẹ́ẹ̀kejì nítorí tàkọ́kọ́ kò tó. Ó wá ní:

"Ẹ̀yin ìyá, ẹ wò mí dáadáa. Kò sí ọmọ kan lábẹ́ ìbòòji yìí tí n kò lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́rin péré, igba ó lé mẹ́rìnlá! Ta ló ṣe irú rẹ̀ rí ní Èkó?"

"Kò sí," Dáfídì wí, ó sì pàtẹ́wọ́.

Khairiyyah dìde. Rájí wà lẹ́yìn, ó gbé ọmọ dání. Khairiyyah mú ìwé àkọ́kọ́, ó kà á ketekete: "Èyí jẹ́rìí pé Rídíwánù ni Khairiyyah bí fún Alájì Ọ̀túnba Dókítà Gàníyù Àlàó."

Alájì gbọ́ orúkọ ara rẹ̀. Ó dìde díẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè, ó rẹ́rìn-ín sí èrò, ó jókòó. Dáfídì nìkan ló pàtẹ́wọ́. Àwọn obìnrin wo ara wọn. Rájí jáde wá gba ìwé, ó tẹríba díẹ̀. "Ẹ ṣeun, Alájì."

"Iṣẹ́ wa ni," Alájì wí.

Khairiyyah mú ìkejì. "Èyí jẹ́rìí pé Ìbúráhíìmù ni Basheerah bí fún Alájì Ọ̀túnba Dókítà Gàníyù Àlàó." Alájì tún dìde, ó tún gbé ọwọ́ sókè. Basheerah gbé ọwọ́ lérí. Ọkọ rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní, "Kí ló wí?" Àdìjátù, níwájú, ti gbé báàgì kúrò lórí itan.

Ẹ̀kẹta ni ti Joaquim. Káfíńtà ni Joaquim, ará Pópó Àgùdà, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, òun àti Màríà ìyàwó rẹ̀ kò sì rí ọmọ bí títí di ọdún yìí. "Èyí jẹ́rìí pé Joanna ni Màríà bí fún Alájì Ọ̀túnba Dókítà Gàníyù Àlàó."

Joaquim rìn wá síwájú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Kò gba ìwé. "Ẹ jọ̀ọ́, ìyáàfin, ẹ tún un kà fún mi."

Khairiyyah tún un kà. Joaquim gbọ́ ọ tán, ó yíjú síbi tí Alájì jókòó sí.

"Alájì, ọdún méjìdínlógún ni èmi àti Màríà fi wá ọmọ yìí. Ní gbogbo ọdún náà, ibo lẹ wà?"

Alájì rò pé ọpẹ́ ni. Ó fa gbohùngbohùn mọ́ra. "Mo wà lẹ́nu iṣẹ́, bàbá. Mò ń ṣe é lọ́sàn-án, mò ń ṣe é lóru, nítorí tiyín."

Obìnrin kan lẹ́yìn ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, kò sẹ́ni tó lè mú èrò mọ́. Àwọn ọmọ ọwọ́ jí, wọ́n ń ké. Àwọn ọkùnrin kan ń rẹ́rìn-ín, àwọn kan ti ń ká apá ẹ̀wù. Alájì gbé ọwọ́ sókè sí wọn, ó rò pé ayọ̀ ni.

Àdìjátù dìde. "Bàbá Bùkọ́lá. Ọmọ mélòó lẹ ní?"

"Mo ti sọ ọ́. Igba ó lé mẹ́rìnlá."

Alága káńsù gba ìwé lọ́wọ́ Khairiyyah, ó kà á, ó sì gbé e fún Alájì. "Ẹ bá wa kà á, Alájì."

Alájì na ìwé jìnnà sójú. Ó tún nà án jìnnà sí i. Apá rẹ̀ tán kí ọ̀rọ̀ tó ṣe kedere. Ó gbé e fún Dáfídì. "Kà á fún wọn."

Dáfídì wo ìwé, ó wo èrò, ó wo Alága. Ó wá ka ohun tó wà níbẹ̀ gan-an, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́rin. Nígbà tó dé "bí fún," ó dúró, ó ní, "Ẹ̀yin ni, sà. Ẹ̀yin ni wọ́n bí i fún."

Fìlà kọ́kọ́ mì, kí Alájì fúnra rẹ̀ tó mì. Ó ní atẹ̀wé ló ṣe é. Atẹ̀wé wà láàárín èrò, wọ́n ti pè é wá jẹun. Ó ní, "Ẹ ní kí n gbé yín sókè, sà. Mo gbé yín sókè." Alájì wá na ọwọ́ sí Khairiyyah. Ó ní obìnrin yìí ló ba iṣẹ́ jẹ́, pé omi ọmú ti wọ ọpọlọ rẹ̀.

"Ìgbà wo lo padà wọṣẹ́?" Alága bi Khairiyyah.

"N kò tíì wọṣẹ́, mà. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti wà lórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n ní kò sí ẹ̀rí pé mo bímọ."

Rídíwánù ti ń ké lẹ́yìn, lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Iwájú bùláòsì Khairiyyah ti tutù, ìborùn kò sì bò ó mọ́. Alága wò ó, ó wo Alájì.

"Ẹ̀rí wo lẹ tún ń wá?" ó wí. "Ìyá Rídíwánù, lọ fún ọmọ lọ́mú. Lẹ́yìn náà, wá fọwọ́ síwèé. Aago méjì ni kí o máa lọ sílé."

Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Alájì. Wọ́n gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń ka ihò gọ́tà, Tóbi tó ti ń kà á tẹ́lẹ̀ sì ni ọ̀gá rẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí kọ́ ló dùn ún jù. Agbẹjọ́rò káńsù ní ìwé ti wọ àkọsílẹ̀ ìjọba, kò sẹ́ni tó lè yọ orúkọ bàbá kúrò bí kò ṣe bàbá náà, kó lọ sí kóòtù, kó búra lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin tó fẹ́ kí orúkọ òun wà lórí ohun gbogbo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí kóòtù lójoojúmọ́ láti bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n yọ ọ́. "Èmi Gàníyù Àlàó búra pé n kò bí Ìbúráhíìmù. Èmi Gàníyù Àlàó búra pé n kò bí Joanna." Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní kí akọ̀wé kóòtù fi Alájì Ọ̀túnba Dókítà sí i. Akọ̀wé ní àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ kò gùn tó bẹ́ẹ̀. Àdìjátù náà ní, títí yóò fi kọ ọmọ igba ó lé mẹ́rìnlá tán, pálọ̀ ni kó máa sùn. Oṣù méjì àti ọ̀sẹ̀ kan ló fi sùn síbẹ̀.

Khairiyyah ni wọ́n fi ṣe adelé ọ̀gá ọ́fíìsì. Láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, Dáfídì gbé agogo, ó fẹ́ lù ú. Khairiyyah ní kó gbé e sílẹ̀, kó mú bírò, iṣẹ́ pọ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi tún gbogbo ìwé náà kọ. Joaquim wá gba ti Joanna. Ó kà á, ó ká a sínú àpò àyà, ó sì di bọ́tìnnì rẹ̀.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, Bùkọ́lá ọmọ Alájì bímọ, ọkọ rẹ̀ sì rìnrìn àjò. Ó di dandan kí bàbá ìyá ọmọ wá forúkọ sílẹ̀. Alájì wá lọ́jọ́rú kan, ó dé fìlà kékeré, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó tò lẹ́yìn obìnrin kan tó pọn ìbejì. Nígbà tó kàn án, ó dúró níwájú tábìlì.

"Ẹ káàárọ̀, sà," Khairiyyah wí. "Orúkọ ọmọ?"

"Mariam."

"Orúkọ ìyá?"

"Bùkọ́lá."

"Orúkọ bàbá?"

Gbogbo bẹ́ǹṣì kọjú sí i. Kẹ́mi dá ìgbálẹ̀ dúró. Alájì wo ọ̀tún, ó wo òsì, òógùn bò ó lójú.

"Kì í ṣe èmi," ó wí. "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Rídíwánù, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Kì í ṣe èmi."